Ìwakùsà àti ìdàgbàsókè ilẹ̀ Jos

Ìwakùsà ilẹ̀ Jos ni iṣẹ́ wíwa tíìnì, irin funfun tí wọ́n fi ń bo ara agolo kó má baà dípẹtà, lórí òkè títẹ́jú tó wà ní Ìpínlẹ̀ Plateau, Nàìjíríà. Kùsà kì í hù padà bí a bá ti wà á tán. Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn awakùsà ti kó ẹrù wọn ni a fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà tún agbègbè kan ṣe. Jos dára fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, torí ó ti rí ìgbà ọ̀pọ̀, ó sì ti rí ìgbà ọ̀wọ́n.

Kí Òyìnbó tó dé ni àwọn ará ìlú Liruei ti ń yọ́ tíìnì, tí wọ́n ń sọ ọ́ di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ fún títà ní Kánò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ ìṣàkóso lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ní 1900, wọ́n ṣe àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ náà ni yóò máa gba ìdajì ìṣákọ́lẹ̀ tí ìjọba bá gbà lórí kùsà ní apá tó pọ̀ nínú àríwá, fún ọdún 99. Owó kùsà ti gba ọ̀nà Lọ́ńdọ́nù kí ẹnikẹ́ni tó bi àwọn onílẹ̀ léèrè ohunkóhun.

Ojú irin dé Bukuru ní 1914. Èyí tó lọ sí Port Harcourt parí ní 1927. Ìlú Jos gan-an, iṣẹ́ kùsà ló bí i, ọjà rẹ̀ sì fa èrò láti ibi gbogbo, títí kan àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ní 1929 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ NESCO sílẹ̀ láti fi omi tó ń já láti orí òkè, bíi ti Kurra, ṣe iná mànàmáná. Ẹ̀rọ awakùsà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, kì í ṣe ilé tálákà. Síbẹ̀, kùsà lọ, iná kò lọ.

Àwọn Berom, tí wọ́n ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà, ló san owó tó wọ́n jù. Oko tí wọ́n ti ń gbin ọkà acha di kòtò, owó gbà-máà-bínú tí wọ́n rí kò sì tó ra oko mìíràn. Nígbà tí Japan gba Malaya, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí tíìnì, ní 1942, Gẹ̀ẹ́sì fi tipátipá kó nǹkan bí 100,000 ọkùnrin láti ìgbèríko àríwá wá wa tíìnì fún ogun. Oúnjẹ kò tó, ibùgbé kò dára, àìsàn sì pa púpọ̀ nínú wọn. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n fi ń kó wọn kí wọ́n tó jáwọ́. Kò sí bí a ṣe lè pe èyí ní ìdàgbàsókè.

Ní oṣù kẹwàá 1985, International Tin Council, àjọ tó ń gbé iye owó tíìnì ró lágbàáyé, wọ gbèsè tí kò rí san. Iye owó já wálẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Jos sì kógbá sílé.

Kòtò ló kù, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, omi sì kún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lásìkò ẹ̀rùn, lẹ́bàá Bukuru àti Barkin Ladi, àgbẹ̀ á gbé ẹ́ńjìnnì kékeré sétí kòtò, á na rọ́bà gba orí òkìtì iyanrìn, omi á sì máa ṣàn sáàárín ebè ànàmọ́ òyìnbó, kábéèjì àti tòmátì. Lọ́rí á kó wọn wá sí Ìbàdàn àti Èkó. Kò sí ìjọba tó pète èyí. Àwọn àgbẹ̀ ló fi ọgbọ́n orí wọn gbé e kalẹ̀. Kòtò kan náà ló sì ń gbé ọmọdé lọ. Iyanrìn tí wọ́n sẹ́ kù ní monazite nínú, ìtànṣán rẹ̀ léwu, àwọn kan sì ti fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kọ́lé. Igi yúkálíptù tí wọ́n gbìn láti tún ilẹ̀ ṣe hù lóòótọ́, àmọ́ igi ìdáná àti pákó ni, kì í ṣe oko acha.

Òfin ìwakùsà ti 2007 gbìyànjú láti dí irú àlàfo yìí, pé a kò bi onílẹ̀ léèrè, a kò sì tún ilẹ̀ wọn ṣe dáadáa. Ìjọba àpapọ̀ ló ṣì ni kùsà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá àwọn ará àdúgbò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ó sì ya owó àtúnṣe ilẹ̀ sọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá bíi èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa wúrà ní Ṣẹgilọlá, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní 2021 ni irú òfin bẹ́ẹ̀ lè tètè mú. Ó ṣòro kó mú àwọn oníṣọ́bìrì tó ń fọ wúrà létí odò títí omi Ọ̀ṣun fi pọ́n, tàbí àwọn tó ń tún kòtò àtijọ́ gbẹ́ ní Jos. Òfin fàyè gbà wọ́n, bí wọ́n bá kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n sì gbàwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kò gba ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tó ń ra ẹrù wọn kì í béèrè rẹ̀.