Ìgbòkun iwájú fún afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọ̀sà Èkó àti etíkun Guinea

Ìgbòkun iwájú ni aṣọ tí a ń ta síwájú òpó ọkọ̀ ojú omi, láàárín òpó àti imú ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, aṣọ yìí ló sábà máa ń pinnu bóyá ọkọ̀ yóò rìn tàbí yóò dúró gbagidi sójú kan. Lórí ìwọ̀n Beaufort tí àwọn atukọ̀ ń lò, ipò 1 sí 3 ni afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ìyẹn nọ́ọ̀tì 1 sí 10. Nọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan. Ohun mẹ́ta ni a fi ń yan ìgbòkun náà: ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí ọkọ̀, ìwúwo aṣọ, àti bí ó ti yá tó láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lágbègbè tiwa, ẹ̀kẹta yìí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Afẹ́fẹ́ àti omi agbègbè náà

Afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá láti Òkun Àtìláńtíìkì ló gbilẹ̀ jù ní etíkun wa fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, omi máa ń pa rọ́rọ́. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ òkun á dìde, á sì lágbára jù ní ọ̀sán. Lóru, afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ sí omi. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá ìlà-oòrùn a máa dé etíkun nígbà mìíràn pẹ̀lú eruku rẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni ìjì òjò. Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, àti nígbà tó bá ń parí lọ, ìjì máa ń ti ìhà ìlà-oòrùn yọ lójijì. Atukọ̀ tó ta aṣọ ńlá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 5 lè bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀fúùfù líle kí ó tó rójú sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìṣàn omi Guinea náà ń bẹ, tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lẹ́bàá etíkun. Ọkọ̀ tí kò bá yára ní afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ lè máa kojú ìwọ̀-oòrùn síbẹ̀ kí omi máa dá a padà.

Ìgbòkun lójú ọ̀sà

Ilẹ̀ Rẹ́mọ, tó wà ní àríwá ọ̀sà Èkó, kò fi ẹnu kan òkun, ṣùgbọ́n ọ̀sà ni ọ̀nà ọjà rẹ̀ sí Èkó fún ìgbà pípẹ́. Nígbà náà, ẹrù láti Ìkẹ́nnẹ́ àti láti Ṣágámù, àwọn ìlú Rẹ́mọ, máa ń gba Ìkòròdú bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀sà yìí gùn ju kìlómítà 50 lọ, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láti kìlómítà 3 sí 13, kò sì jìn níbi púpọ̀. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ ní Ìkòròdú ń lọ sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn, nítorí náà afẹ́fẹ́ òkun ọ̀sán wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Èkó ní wákàtí kan náà yóò kojú rẹ̀, àfi kí ó tètè gbéra kí afẹ́fẹ́ òkun tó dìde.

Àwọn apẹja Mákòkò ní Èkó àti ti Ganvié lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin ṣì ń ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán. Aṣọ onígun mẹ́rin ni, ọ̀pá ló ń nà án. Ó dára gan-an bí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn. Bí ó bá wà níwájú, wọ́n á ká a, wọ́n á sì mú àjẹ̀ tàbí ọ̀pá.

Ní ti ọkọ̀ ìgbafẹ́, Lagos Yacht Club, tí a dá sílẹ̀ ní 1932, jẹ́ ẹgbẹ́ ìgbòkun tó ti pẹ́ létí ọ̀sà náà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni Lightning, tí ilé iṣẹ́ Sparkman & Stephens ti Amẹ́ríkà yàwòrán rẹ̀ ní 1938. Èèyàn mẹ́ta ló ń tù ú. Ó ní jíìbù fún ìgbà tí wọ́n bá kojú afẹ́fẹ́, ó sì ní sípínákà fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn.

Oríṣi ìgbòkun iwájú

Jíìbù jẹ́ aṣọ onígun mẹ́ta tí kò kọjá òpó. Ó rọrùn láti darí, ó sì yẹ fún afẹ́fẹ́ líle, ṣùgbọ́n ó kéré fún afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́.

Jẹ́nóà tóbi ju jíìbù lọ, ó sì kọjá sẹ́yìn òpó. Àlàfo tó wà láàárín òpó àti ibi tí okùn iwájú ti so mọ́ ọkọ̀ ni a ń kà sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Jẹ́nóà sábà máa ń jẹ́ 130 sí 150. Sven Salén, ọmọ Sweden, ló sọ ọ́ di olókìkí nígbà ìdíje kan ní Genoa ní Ítálì ní 1926.

Dírífítà jọ jẹ́nóà, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń rán an. Afẹ́fẹ́ tí kò lè gbé aṣọ mìíràn á gbé e.

Code Zero wà láàárín jẹ́nóà àti sípínákà. Ọkọ̀ EF Language tí Paul Cayard darí lò ó nígbà tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Whitbread yíká ayé ní 1997 sí 1998. Ó wúlò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ iwájú fẹ́, tí kò sì lágbára.

Jẹ́nákà fẹ̀, ó sì wú níkùn. Imú ọkọ̀ ni a ń so igun rẹ̀ mọ́, kò sì nílò ọ̀pá. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn fẹ́ ni tirẹ̀.

Sípínákà olójú méjì tó dọ́gba ló dára jù fún afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn gan-an, ṣùgbọ́n ó nílò ọ̀pá, okùn púpọ̀ àti ọwọ́ púpọ̀.

Bí a ṣe ń yàn án

Ìhà afẹ́fẹ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìrìn àjò láti Èkó lọ sí Kútọnu, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 110 lójú òkun. Ní àlọ, imú ọkọ̀ kọ sí ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì ń fẹ́ sí i ní nǹkan bíi dígírì 45, ìṣàn omi náà tún ń tì í sẹ́yìn: jẹ́nóà ni ó tọ́. Ní àbọ̀, afẹ́fẹ́ kan náà wà ní nǹkan bíi dígírì 135, omi sì ń ṣe ìrànlọ́wọ́: jẹ́nákà ni.

Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń gbọ́ lára yàtọ̀ sí èyí tó ń fẹ́ gan-an. Bí afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 6 bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń sá nọ́ọ̀tì 3, nọ́ọ̀tì 3 péré ló kù tí ìgbòkun ń rí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ atukọ̀ máa ń yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí wọ́n fi ẹ̀yìn gba afẹ́fẹ́ tààrà. Ọ̀nà á gùn díẹ̀, ọkọ̀ á sì yára sí i.

Lẹ́yìn èyí ni ìwúwo. Aṣọ pọ́lísítà tí wọ́n fi ń rán jẹ́nóà ọkọ̀ tó gùn tó mítà 10 sábà máa ń tó gíráàmù 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mítà onígun mẹ́rin kan. Náílọ́ọ̀nù ìgbòkun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ju nǹkan bíi 32 sí 64 lọ. Bí ìgbì bá ń mi ọkọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tó, aṣọ wúwo á wó lulẹ̀, á máa gbá òpó.

Ìkẹyìn ni bí ó ti yá tó láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èyí tó dá lórí iye ọwọ́ tó wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ arìnrìn-àjò kì í sábà ní ju èèyàn méjì lọ, ọ̀kan sì lè máa sùn. Ẹ̀rọ tó ń ká jẹ́nóà yí okùn iwájú, àti àpò gígùn tí a ń fà bo jẹ́nákà láti òkè wá sílẹ̀, jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè kó aṣọ nígbà tí àwọsánmà dúdú bá yọ ní ìlà-oòrùn.

Ìtọ́jú

Oòrùn ilẹ̀ wa ni ọ̀tá náílọ́ọ̀nù. Kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ lóde nígbà tí a kò bá lò ó. Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ìgbòkun lẹ́yìn ìrìn àjò, kí ẹ sì sá a gbẹ kí ẹ tó dì í, nítorí ọ̀rinrin etíkun máa ń hu èbu sára aṣọ.

Èyí tó yẹ

Ọkọ̀ tí kò lè gbé ju ìgbòkun iwájú méjì lọ ní agbègbè yìí, jẹ́nóà tó tó 130 sí 135 lórí ẹ̀rọ ìkáṣọ, àti jẹ́nákà náílọ́ọ̀nù tó ní àpò ìbòrí, ni ó yẹ ẹ́. Èkínní á gbé e kojú afẹ́fẹ́, èkejì á gbé e padà wálé. Jẹ́nóà 150 lè yára díẹ̀ sí i ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ká kù dáadáa nígbà tí ìjì bá dé, ìjì sì ń bọ̀ lọ́dọọdún.