Orúkọ Wo Ló Wà Nínú Ìwé?

Èébú pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àmọ́ èyí tí ẹ ó bú èèyàn tí á fi bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ láti jà kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ àlè. Ẹ lè máa rò pé àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń ká lára. Ẹ dúró ná. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1915, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Horatio Bottomley gbé èébú yìí sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, John Bull, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó fi bú kì í ṣe èèyàn kékeré: James Ramsay MacDonald ni, aṣòfin tó ti ṣe olórí ẹgbẹ́ Labour nílé ìgbìmọ̀. Bottomley ò sì fẹnu lásán sọ ọ́ o. Ìwé ìjọba ló gbé jáde. Ó tẹ ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ọjọ́ìbí ọkùnrin náà síbẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á.

Kí ni MacDonald ṣe fún un? Ogun ni kò fẹ́. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó fi ipò olórí sílẹ̀, ó lóun ò ní bá wọn lọ́wọ́ sí i. Bottomley ní tiẹ̀ ń fi ariwo ogun ta ìwé ìròyìn bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Ó wá ohun tó máa fi pa MacDonald lẹ́nu mọ́ títí, ọ̀nà Skọ́tílándì ló wá gbà rí i.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá 1866 ni wọ́n bí ọmọ kan sí Lossiemouth, ìlú àwọn apẹja létí òkun ní apá àríwá Skọ́tílándì. Ìyá rẹ̀ ni Anne Ramsay, ọmọ ọ̀dọ̀. Bàbá rẹ̀ ni John MacDonald, tó ń ṣe lébìrà nínú oko. Wọn ò fẹ́ra. Orúkọ tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ fún ọmọ náà ni James McDonald Ramsay, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kò sí ìgbéyàwó nídìí ọmọ yìí. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n tó wà nínú orúkọ yẹn? Orúkọ bàbá ni wọ́n há sáàárín. Àwọn ìyá tí kò lọ́kọ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa ní Skọ́tílándì, ẹni tó bá sì ń wá ìdílé rẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ fojú fo orúkọ àárín.

Lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn yẹn jáde, MacDonald wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń ti Lossiemouth lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ pé òun ò mọ̀ rí pé Ramsay ni wọ́n fi òun sílẹ̀ sí, pé láti kékeré, títí kan rẹ́jísítà ilé ìwé, MacDonald ni orúkọ òun. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin ẹni ọdún 48 ń ka orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọ̀tá, kò sì mọ orúkọ náà rí.

Bẹ́ẹ̀ irú ìwé yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ọmọ Skọ́tílándì, ì báà wà ní Kánádà tàbí Ọsirélíà, mọ ibi tí òun ti ṣẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ìgbéyàwó àti òkú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láti 1837. Skọ́tílándì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1855 ni, àmọ́ nígbà tó máa bẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ebi ti ń pa tipẹ́. Ìwé ọmọ tí wọ́n bí ní 1855 sọ ọjọ́ orí bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n ti bí wọn, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, àti àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú, àtèyí tó kú àtèyí tó wà láàyè. Iṣẹ́ yẹn wọ àwọn akọ̀wé lọ́rùn. Nígbà tó di 1856, wọ́n ti gé e kúrú. Ní 1861 wọ́n dá àyè ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn òbí padà síbẹ̀. Àyè yẹn ló dúró de Anne Ramsay ní 1866. Kò sí ohun tó lè ní kí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ní tèmi o, ìwé òkú wọn ló dùn mọ́ mi jù. Ó ń dárúkọ bàbá òkú, ó ń dárúkọ ìyá òkú pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá ìyá náà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tí arúgbó ẹni 80 ọdún bá kú ní 1857, ìwé ikú rẹ̀ á gbé yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti wà láyé kí 1800 tó dé. Ẹ ṣáà rántí pé òkú kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó lọ fi ikú sùn lè jẹ́ ọkọ ọmọ olóògbé, kó má mọ orúkọ ìyá ìyàwó ìyá ẹnikẹ́ni, kó kàn sọ èyí tó bá bọ́ sí i lẹ́nu.

Kí 1855 tó dé, ìwé ìjọ ni wọ́n ń wò. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni ti ìjọ Errol ní Perthshire, ó ti wà láti 1553. Ìwé yìí ní ihò nínú o. Láti 1783 títí di 1794, ìjọba ń gba owó orí tọ́rọ́ kan lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ sílẹ̀. Àwọn òbí mìíràn ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, wọ́n bá tọ́rọ́ wọn lọ sílé. Tí ẹ bá wá bàbá ńlá yín láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí ẹ ò rí i, ó lè jẹ́ tọ́rọ́ ló fi í pa mọ́.

Fún ọmọ tí kò ní bàbá nínú ìwé, ibòmíràn tó kù ni ìwé ìgbìmọ̀ alàgbà ìjọ, tí wọ́n ń pè ní Kirk Session. Obìnrin tó bá lóyún láìlọ́kọ, wọ́n á pè é wá síwájú: ta ló fún ọ lóyún? Wọ́n á ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, á jẹ́wọ́ tàbí kó sẹ́, akọ̀wé á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọn ò ṣe é torí ọmọ, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń lé. Síbẹ̀ àwọn ìwé yìí, tí púpọ̀ nínú wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2021, ló ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn rí bàbá.

MacDonald nìkan kọ́ jàre. James Keir Hardie, tó kọ́kọ́ ṣe olórí àwọn aṣòfin Labour ní 1906, James Kerr ni orúkọ tí wọ́n bí i sí ní Lanarkshire ní 1856. Mary Keir, ìyá rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ lòun náà. Nígbà tí ìyá yìí fẹ́ káfíńtà kan, David Hardie, ni Hardie tó dé. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án 1915 ló kú, nínú oṣù kan náà tí Bottomley ń fi ìwé MacDonald ṣeré.

Báwo ni ìwé yẹn ṣe dé ọwọ́ Bottomley? Kò jí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sanwó ni òfin gbà láyè kó gba ẹ̀dà. Lónìí, lórí ScotlandsPeople, ibi tí ìjọba Skọ́tílándì kó ìwé wọ̀nyí sí láti 2002, ìwé ìbí gbọ́dọ̀ pé 100 ọdún kí ẹ tó rí àwòrán rẹ̀, ti ìgbéyàwó 75, ti òkú 50. Ìwé ìkànìyàn náà, 100 ọdún ni. Láti 1841 títí dé 1921 ló ti ṣí sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà èyí tí kò tíì pé ṣì lè kọ̀wé béèrè rẹ̀ kó sì sanwó. Ó yẹ kó ṣí sílẹ̀, mo gbà. Bí wọ́n bá tì í pa, tálákà ló máa sọnù, torí olówó ní ìwé nílé. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní 1916, ẹgbẹ́ tó ń gbá góòfù ní Lossiemouth yọ MacDonald lẹ́gbẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ogun náà. Ní 1918 wọ́n dìbò lé e kúrò nílé ìgbìmọ̀. Ní 1922 ó padà wọlé. Ọdún kan náà ni ilé ẹjọ́ rán Bottomley lẹ́wọ̀n ọdún 7 nítorí jìbìtì. Ní oṣù kìíní 1924, MacDonald di Olóòtú Ìjọba, ẹni àkọ́kọ́ látinú ẹgbẹ́ Labour.

Tí ẹ bá fẹ́ wo ìwé náà, ẹ má tẹ MacDonald. Ẹ tẹ Ramsay, 1866.