Mọ́tò àti Dráìfù fún Kẹ̀kẹ́ Ìkáwáyà Kírénì Èbúté: Kílówáàtì Nìkan Kò Tó Ṣe Òṣùwọ̀n

Kírénì ńlá tó ń já kọ̀ntéínà nínú ọkọ̀ òkun, irú èyí tó wà ní èbúté Lekki tí wọ́n ṣí ní 2023, máa ń lọ, máa ń bọ̀ lórí irin létí omi. Tó bá jẹ́ pé wáyà ló ń gbé iná fún un, kẹ̀kẹ́ kan lára kírénì ló ń tú wáyà náà sílẹ̀, tó sì tún ń ká a. Bí wáyà bá dẹ̀ jù, ẹsẹ̀ kírénì lè gùn ún; bí ó bá le jù, bàbà inú rẹ̀ á nà títí yóò fi já.

Wáyà ń gun orí ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ká a, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìfàle tí a fẹ́ jẹ́ 2000 newton, tí kírénì ń rin mítà 0.75 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti àárín kẹ̀kẹ́ dé ibi tí wáyà wà jẹ́ mítà 0.5 nígbà tó ṣófo, 1.5 nígbà tó kún. Ipá ìyípo tí kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ á kúrò ní 1000 newton-mítà, á di 3000. Síbẹ̀ agbára kò kúrò ní 1.5 kílówáàtì, nítorí kẹ̀kẹ́ tó kún kì í yára yí.

Ẹni tó bá wá fi 1.5 yìí ra mọ́tò ti ṣìnà. Bí jíà bá dín ìyára kù ní ìlọ́po 100, mọ́tò á máa yí nǹkan bí 1430 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣófo, 480 nígbà tó kún. Mọ́tò 1.5 kílówáàtì tó wọ́pọ̀ fún irú ìyára yìí kò lè gbé ju nǹkan bí newton-mítà 10 lọ láìgbóná jù. Kẹ̀kẹ́ tó kún ń béèrè 30, a kò sì tíì ka ohun tí jíà ń jẹ mọ́ ọn. Ti 5.5 kílówáàtì, tó ń gbé nǹkan bí 36, ló yẹ. Dráìfù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná mọ́tò, náà gbọ́dọ̀ tó ampere mọ́tò ńlá yìí.

Àwọn ọ̀nà mìíràn láti yí kẹ̀kẹ́, bíi sípíríìngì, mọ́tò ìfàle àtijọ́ àti ìsopọ̀ oní-mágnẹ́ẹ̀tì, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò wọ́n, wọ́n sì rọrùn láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ oní-mágnẹ́ẹ̀tì tí a ṣètò sí 3000 newton-mítà fún kẹ̀kẹ́ tó kún á fa wáyà ní 6000 newton nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ṣófo. Ibi tí ìrìn kírénì kò ti gùn nìkan ni mo ti lè gbà wọ́n.

Dráìfù oní-vector tó ní encoder (ohun tó ń ka ìyípo mọ́tò) lè di ipá ìyípo mú kódà nígbà tí kírénì dúró, ó sì ń yí ipá náà padà bí wáyà ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ fún mọ́tò rẹ̀ ní fáànù tó dá dúró, nítorí fáànù orí ọ̀pá mọ́tò kò lè fẹ́ atẹ́gùn tó bí kò bá yára yí. Nígbà tí kírénì bá ń fa wáyà jáde, mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀. Bí dráìfù kò bá ní resistor ìdádúró tàbí ọ̀nà láti dá iná náà padà, fólítéèjì inú rẹ̀ á ga, á sì kú.

Ẹ̀yin tó ń ra irú ẹ̀rọ yìí, ẹ má gba ìwé tó dárúkọ kílówáàtì nìkan. Ẹ béèrè ipá ìyípo nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá kún àti ìyára nígbà tó bá ṣófo.