Kí Ni Olówó Ń Sanwó Fún? Ìtàn Owó Ìrànwọ́ àti Ìwé Kíkà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Yorùbá

Ọjọ́ ti pẹ́ tí owó ìrànwọ́ ti ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ tó bá jókòó lónìí ní Owena, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìdànrè, tó ń kọ̀wé béèrè owó díẹ̀ láti fi ra ìwé ìtàn fún kíláàsì rẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni ó ń tọ̀. Owó náà lè má ju èyí tí yóò ra ogójì ìwé àti pẹpẹ tí a ó tò wọ́n sí lọ. Síbẹ̀, ìtàn fi hàn pé ìbéèrè kan ṣe pàtàkì ju iye owó lọ: kí ni olówó ń sanwó fún?

Láti ọdún 1877, ìjọba amúnisìn ní Èkó ń fún ìjọ ajíhìnrere mẹ́ta, ìyẹn CMS, Wẹ́síléè àti Kátólíìkì, ní £200 lọ́dọọdún fún iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 tẹ̀lé e, nígbà tí Èkó àti Gold Coast ṣì wà lábẹ́ ìṣàkóso kan. Ti ọdún 1887 sì jẹ́ ti Èkó fúnra rẹ̀. Iye ọmọ tó ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ àti bí wọ́n ṣe yege tó nínú ìdánwò wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òfin 1882 sì gbé lárugẹ. Kíkà àti kíkọ Yorùbá kò mú owó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ní ìwé ìròyìn ní èdè tirẹ̀ láti ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ tí oúnjẹ rẹ̀ rọ̀ mọ́ èsì ìdánwò kò lè ṣàìkọ́ ohun tí ìdánwò béèrè.

Nígbà tó yá, nǹkan yí padà díẹ̀. Ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tó jáde ní ọdún 1922, dá a lábàá pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan náà ló wá di òǹkọ̀wé. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, jẹ́ olùkọ́ nígbà tó kópa nínú ìdíje ìwé kíkọ tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba gbé kalẹ̀. Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. J. F. Ọdúnjọ, olùkọ́ bákan náà, ló kọ Aláwíyé, tí àìmọye ọmọ fi kọ́ ìwé kíkà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432. Owó kòkó, irè oko tí a mọ Ìdànrè mọ́, wà lára ohun tó gbé ètò náà ró. Àwọn ọmọ wọlé tìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ìwé àti olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò lè pọ̀ bíi tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ tó gún régé jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Ibi tí owó náà lọ ló yẹ kí a kíyè sí: wọ́n kọ ìwé tuntun ní Yorùbá, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń lò ó. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ nínú iṣẹ́ yòókù.

Síbẹ̀, ètò náà kò tàn dé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé kò ra ìwé fún ọmọ. Òfin UBE ọdún 2004 ya ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀; síbẹ̀ owó a máa wà nílẹ̀ láìṣeé gbà nígbà tí ìpínlẹ̀ kò bá tíì mú ìdá tirẹ̀ wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní kíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ti wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa lò. Ẹni tó bá rántí ọdún 1882 yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun.

Ibí yìí ni owó ìrànwọ́ kékeré ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Kò lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kò sì lè san owó oṣù, ṣùgbọ́n ó lè fi ìwé Yorùbá sí ọwọ́ ọmọ tí kò ní ọ̀kan nílé. Kí olùkọ́ Owena tó fi orúkọ sílẹ̀ fún un, ó yẹ kí ó wò ó bóyá olówó gbà kí a ra ìwé ní èdè tí ọmọ ń sọ, bóyá a ó kọ́ olùkọ́ pẹ̀lú, àti ohun tí yóò kù ní kíláàsì nígbà tí owó bá tán. Owó Ford Foundation ti tán tipẹ́. Ẹ̀kọ́ tí Modákẹ́kẹ́ kọ́ wa ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó.