Oúnjẹ aṣaralóore pẹ̀lú owó kékeré: Ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú ìkòkò

Nígbà tí ọjà bá gbówó lórí, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi kún òkèlè, wọ́n á wá dín ọbẹ̀ kù. Ẹ̀bà á pọ̀ lábọ́, ọbẹ̀ ata lásán ni wọ́n á fi jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ á yó lóòótọ́, wọ́n á sì sùn. Àmọ́ tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ọmọ ò ní dàgbà bó ṣe yẹ, àìsàn ò sì ní jìnnà sí i.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ikùn lè kún bámúbámú kí ebi ṣì máa pa ara. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká mọ ohun tá a lè dín kù àti èyí tí kò yẹ ká fọwọ́ kàn.

Kí ló yẹ kó wà nínú abọ́?

Gàrí, láfún, iṣu àti ìrẹsì ló ń fún wa lókun láti ṣiṣẹ́. Àmọ́ ara tún nílò amúaradàgbà, ìyẹn èròjà tó ń mú ọmọ dàgbà, tó sì ń tún ara àgbàlagbà ṣe. Nínú gíráàmù 100 gàrí, amúaradàgbà tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, ó lé ní gíráàmù 20. Ẹyin kan ní tó gíráàmù 6.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ẹ dín in lára òkèlè àti ẹran ńlá. Ẹ má dín in lára ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́.

Ẹ̀wà: bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ kó tó gbogbo ilé

Ẹ̀wà náà ti wọ́n, a mọ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé díẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ tẹ́ ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Àdàlú, ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì: àwọn ìyá wa ò ṣèèṣì pa wọ́n pọ̀. Amúaradàgbà inú àgbàdo ní ibi tó kù sí, ẹ̀wà ló ń dí i. Èyí tí kò tó nínú ẹ̀wà náà, àgbàdo ní in.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ sì da omi náà nù kẹ́ ẹ tó sè é. Á tètè jiná, gáàsì ò ní jó púpọ̀, inú ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ wú.

Ẹ ṣọ́ra o. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fi oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn dichlorvos nítorí báwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò. Ẹ̀wà tó bá ń rùn bí oògùn, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́kú tó. Ẹ má sì rò pé sísè á mú oògùn náà kúrò. Tẹ́ ẹ bá ra púpọ̀ pa mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì kó kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ dé e pa. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ á kú síbẹ̀.

Tí owó ẹran ò bá sí ńkọ́?

Ẹja ṣàwá, edé, ẹyin àti ìrù lè gba ipò ẹran. Ẹja wẹ́wẹ́ tá a ń jẹ teegunteegun tún ń fún egungun àti eyín lágbára. Pọ̀nmọ́ dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹja tàbí ẹyin ń ṣe.

Ẹ̀fọ́, epo àti èso

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugú, gbúre àti ewédú ṣì wà lára ohun tí owó kékeré lè rà. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kẹ́ ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ má bọ̀ ọ́ títí kẹ́ ẹ wá da omi rẹ̀ nù, torí èròjà inú rẹ̀ lẹ̀ ń dà nù yẹn. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ tán, ẹ jẹ ọsàn lé e. Èròjà inú ọsàn máa ń ran ara lọ́wọ́ láti gba ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ má tíì mu tíì nígbà náà, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan, torí tíì máa ń dí i lọ́wọ́.

Epo pupa dára fún ojú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ títí tó fi di funfun, ohun tó ń ṣe ojú lóore ti lọ. Ìwọ̀nba ni kẹ́ ẹ lò. Iyọ̀ náà ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé WHO ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágí náà wà nínú ìṣirò yẹn.

Èso tó bá wà lásìkò rẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tàbí ike tó ti fọ́, lè gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó ti ń já a sọ́bẹ̀.

Àwọn ọmọdé lọ́rọ̀ yìí kàn jù

Ọmú nìkan tó fún ọmọ títí tó fi pé oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ògì lásán ò tó o. Ẹ ro ó kó ki, kẹ́ ẹ fi ẹ̀wà sóyà tí wọ́n yan dáadáa kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ sí i, tàbí edé lúbúlúbú, tàbí ẹyin tó jiná. Ọmú náà ṣì ní láti máa bá a lọ.

Àpẹẹrẹ oúnjẹ ọjọ́ kan

Àárọ̀: ẹ̀kọ àti àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín.
Ọ̀sán: àdàlú, àti ọsàn kan.
Alẹ́: àmàlà níwọ̀nba, ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja ṣàwá.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Fún ẹ̀yin yòókù, tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà lọ́la, ẹ kọ́kọ́ yọ owó ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja sọ́tọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kẹ́ ẹ fi ra gàrí.