Àrùn Kátà Lára Ewúrẹ́ àti Àgùntàn

Bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́, tí àgbò oríṣiríṣi ọjà ń wọlé, ni àrùn kátà máa ń rí ọ̀nà wọ inú agbo ẹran wa. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kì í ran ènìyàn. Ara ẹran yóò gbóná, ikun yóò máa dà nímú, omi lójú, egbò yóò yọ lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sáré ra tẹtirasáílínì. Kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ a sì máa tó ọdún 3. Inú yìnyín ni kí ẹ ti gbà á lọ́wọ́ dókítà ẹran. Èyí tí oòrùn ti pa, bí omi lásán ló rí.

Ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba kò tọ́ fún Iléyá. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ̀ fún wa láti da ẹran tó ń ṣàìsàn pọ̀ mọ́ èyí tó ní àlàáfíà. Nítorí náà, ẹ so ẹran tuntun lọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21, kí igbá omi rẹ̀ náà sì dá wà.