Ẹ̀ka Mẹ́ta Ìjọba Àpapọ̀ àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú

Bí a bá mú ènìyàn kan ní Èrúwà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí ọjọ́rú sì kọjá tí a kò tí ì mú un dé iwájú adájọ́, kí ni ó yẹ kí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò wí pé, “Ọwọ́ ìjọba ni ó wà, ẹ̀bẹ̀ ni kí a máa bẹ̀.” Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo. Nítorí irú ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé yìí gan-an ni a ṣe pín agbára rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, ìtàn bí a ti ṣe pín in sì ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Pípín agbára kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn baba wa. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, nígbà tí Ìbàràpá wà lábẹ́ ìjọba náà, Aláàfin kì í dá ìlú ṣe. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje ń bẹ, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí ọba bá di aninilára, Baṣọ̀run lè kéde pé ìlú kọ̀ ọ́. Àlùfáà Samuel Johnson kọ èyí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Síbẹ̀, àwọn ìjòyè ni ó lè dá ọba dúró. Mẹ̀kúnnù kò ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ó lè fi pe aláṣẹ lẹ́jọ́.

Ní ọdún 1954 ni Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀, tí àárín ní agbára tirẹ̀, tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké bẹ̀rù pé àwọn ẹ̀yà ńlá yóò tẹ àwọn mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Henry Willink ṣe alága rẹ̀ gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn ní ọdún 1957 sí 1958, ó sì gbà wá níyànjú pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kí òmìnira ọdún 1960 tó dé.

Nígbà náà, ẹ̀ka mẹ́ta ni ìjọba ní: àwọn aṣòfin ń ṣe òfin, àwọn aláṣẹ ń mú òfin ṣẹ, àwọn adájọ́ sì ń fi òfin ṣe ìdájọ́. Ní January 15, ọdún 1966, àwọn ọmọ ogun dìde sí ìjọba. Ṣíṣe òfin àti mímú un ṣẹ bọ́ sí ọwọ́ kan náà. Ilé ẹjọ́ nìkan ni ó kù.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ìbàràpá wà nínú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Ní ọdún 1967 ìpínlẹ̀ yìí ṣe òfin láti wádìí ohun ìní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, a sì fi àṣẹ dí ohun ìní Ọ̀gbẹ́ni E. O. Lakanmi àti ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Bí ẹjọ́ náà ti ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ológun àpapọ̀ ṣe Dìkírì 45 ti ọdún 1968, ó dárúkọ wọn nínú rẹ̀, ó sì fi òǹtẹ̀ lu ohun tí a ti ṣe sí wọn. Ní April 24, ọdún 1970, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí Adetokunbo Ademola jẹ́ olórí rẹ̀, wí pé dìkírì náà kì í ṣe òfin, ìdájọ́ tí a fi aṣọ òfin bò ni, kò sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, àwọn ológun ṣe Dìkírì 28, wọ́n wí pé ilé ẹjọ́ kankan kò lè sọ dìkírì àwọn di asán. Báyìí ni wọ́n fi gbólóhùn kan gba ohun tí ilé ẹjọ́ ti fi fún ọmọ ìlú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀tọ́ tí kò ní adájọ́ tí ó dá dúró, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ìwé òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 29, ọdún 1999, ti ìlẹ̀kùn náà. Abala 4 fi ṣíṣe òfin fún àwọn sẹ́nétọ̀ 109 àti àwọn aṣojú-ṣòfin 360. Abala 5 fi mímú òfin ṣẹ fún Ààrẹ. Abala 6 fi ìdájọ́ fún àwọn ilé ẹjọ́. Abala 4 yìí kan náà kà á léèwọ̀ fún àwọn aṣòfin láti ṣe òfin tí yóò gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ilé ẹjọ́. Láti abala 33 dé 46 sì ni a to ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú sí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èrúwà. Ọlọ́pàá tí ó mú ọkùnrin náà jẹ́ ti ẹ̀ka aláṣẹ. Abala 35 wí pé láàárín wákàtí 24 kí a fi ìwé sọ ìdí tí a fi mú un fún un, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ tí ó lè gbọ́ ọ̀ràn náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni a fún wọn láti mú un dé ibẹ̀. Láti Èrúwà dé Igbó-Ọrà kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fura sí pé ó ṣẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni gbèdéke yìí kò kàn. Bí a bá tì í mọ́lé láìbófinmu, owó gbà-má-bínú tọ́ sí i, àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Abala 46 sì wí pé ó lè gba Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ ní ìpínlẹ̀ tí a ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú.

Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Abala 36 kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, kí a má sì pè é ní ọ̀daràn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi.

Nítorí náà, bí a bá pè yín láti lọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé, ẹ lọ. Ẹ̀bẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè wákàtí tí a mú un àti ìdí tí a fi mú un, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kékeré yẹn ni agbẹjọ́rò yóò mú lọ sí iwájú adájọ́.